Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ní kíláàsì: èrò ta ló ń borí?

Ìbéèrè: Olùkọ́ Sífíìkì ni mí ní Ṣàgámù, ọmọ 60 ló wà ní SS2 mi. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ èrò wọn, ohun tí wọ́n rò pé mo fẹ́ gbọ́ ni wọ́n ń sọ. Báwo ni wọ́n ṣe lè máa jíròrò láìjẹ́ pé mo gbé èrò tèmi kà wọ́n lórí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí kíláàsì tí èrò ẹnìkan kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí Tai Solarin dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ó yọ ẹ̀sìn kúrò nínú iléèwé náà. Ìyẹn ò ní kó máà lérò: ọkọ́ àti àdá tó fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ ń kọ́ wọn pé kéèyàn dá ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà. Ṣùgbọ́n gbangba ló gbé tirẹ̀ sí, ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó rí ohun tó máa ta kò. Èrò tó fara pamọ́ ló ń ṣe jàǹbá.

Ibi tó sì máa ń fara pamọ́ sí jù ni ìbéèrè. “Kí ló dé tí rìbá kò dáa?” ti gbé ìdáhùn pọ̀n. Ẹ bi wọ́n báyìí: “Ìyá kan ń kó ata lọ sọ́jà, ó fún ọlọ́pàá lówó kí ata má baà bàjẹ́. Ta ló jẹ̀bi?”

Nínú ìṣẹ́jú 40 yín, ẹ fi 3 sílẹ̀ kí kálukú kọ èrò rẹ̀ láìkọ orúkọ. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ 12, ọmọ márùn-ún márùn-ún, fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá jíròrò, àní èdè Rẹ́mọ pàápàá. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọmọ mẹ́ta mẹ́rin péré ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ẹ má gbọ́ ìròyìn ọ̀wọ́ méjèèjìlá, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ gbọ́ mẹ́rin, kí àwọn tó kù sọ ohun tó yàtọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sójú pátákó. Ìṣẹ́jú 5 tó gbẹ̀yìn ni tiyín: ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí àti ìdí rẹ̀.

“O káre!” tẹ́ ẹ bá sọ fún ẹni àkọ́kọ́ ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí pé wọ́n ti mọ ibi tí ọkàn yín wà. Ìkejì, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í já àgbà ní koro. Ẹ má bá ẹ̀kọ́ ilé jà, ẹ bèèrè pé, “Kí ni ẹni tí kò gba tèmi máa sọ?” Ẹnu ẹlòmíì ló fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Paulo Freire ará Brazil fi ìkọ́ni aláìgbésì wé fífi owó sí báńkì. Ní 1963, nílùú Angicos, ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ bí 300 ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìwé kíkà láàárín wákàtí 40. Lọ́dún kejì, ológun gbàjọba, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ìjíròrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ó ku ti máàkì. Bó bá jẹ́ ohun tó wà nínú nóòtù yín nìkan ló ń gba máàkì nígbà ìdánwò, àwọn ọmọ á ti mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ ya 5 nínú 20 sọ́tọ̀ fún àlàyé ìdí, kódà bí ìdí náà bá ta ko tiyín.