Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fọ dópámìnì ọmọ yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, kò níṣẹ́ méjì mọ́ ju kó máa ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Ó ti ta jẹnẹrétọ̀ mi. Ọkùnrin kan tó ń ta agbo ní Iléṣà níbí ní dópámìnì ló pọ̀ jù lórí ọmọ náà, pé agbo òun, tí asofẹ́yẹjẹ pọ̀ nínú rẹ̀, yóò fọ̀ ọ́ kúrò láàárín ọjọ́ méje. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, Màmá. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ dópámìnì ti gba orí WhatsApp kan ni wọ́n ti ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí ní Ifẹ̀ níbí, inú sì ń bí mi sí i. Àwọn tó ń tajà gbọ́ orúkọ, wọn ò gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Wọ́n ń sọ kiri pé dópámìnì ni adùn inú ọpọlọ, pé ẹni tó bá ti pọ̀ jù lórí rẹ̀ á di oníwàkiwà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀kan ni lára àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Kent Berridge àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wo àwọn eku tí dópámìnì ọpọlọ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Oúnjẹ wà níwájú wọn, wọn ò sún mọ́ ọn. Bí wọn ò bá fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ebi á pa wọ́n kú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kán omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, wọ́n á máa lá ètè bíi ti tẹ́lẹ̀. Adùn ṣì wà. Ìfẹ́ láti dìde lọ wá a ló tán.

Dópámìnì náà ló sì ń kọ́ ọpọlọ ní ohun tó yẹ kó máa retí. Wolfram Schultz fi ọ̀bọ ṣe ìwádìí tirẹ̀. Bí ó bá ṣàdédé fún ọ̀bọ ní omi èso, àwọn sẹ́ẹ̀lì dópámìnì á ta kìjí. Nígbà tí ọ̀bọ ti mọ̀ pé iná kan máa ń tàn kí omi èso tó dé, ìgbà tí iná bá tàn ni wọ́n ń ta kìjí, kì í ṣe ìgbà tí omi bá dé ẹnu. Bí iná bá tàn tí omi kò wá, wọ́n á dákẹ́ ní àsìkò náà gan-an tó yẹ kí omi dé. Ohun tí a kò lè sọ ìgbà tó máa dé ló ń mú wọn ṣiṣẹ́ jù, orí rẹ̀ sì ni àwọn oní-tẹ́tẹ́ kọ́ ilé wọn sí. Ọmọ yín mú gémù mẹ́wàá, mẹ́sàn-án wọlé, ẹyọ kan gé tíkẹ́ẹ̀tì. Owó kò wọlé, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ ti gbà pé ó kù díẹ̀. Ẹ̀kọ́ burúkú tí ọpọlọ ti kọ́ nìyẹn. Agbo kì í fọ ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ asofẹ́yẹjẹ ló bà mí lẹ́rù jù. Kì í ṣe ewé yẹpẹrẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wa ti ń fi egbò rẹ̀ mú kí ara ẹni tí orí rẹ̀ dàrú rọlẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, torí pé èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú rẹ̀. Reserpine kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rí dópámìnì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú pa mọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń gbẹ. Ní 1957, Arvid Carlsson, ará Sweden, fún ehoro ní reserpine. Wọ́n sùn gbalaja, wọn ò lè mira. Ó wá fún wọn ní L-DOPA, tí ọpọlọ máa ń sọ di dópámìnì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dìde. Ibẹ̀ ni oògùn àìsàn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n, ti ṣẹ̀ wá, Carlsson sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000.

Nítorí náà, bí agbo yẹn bá ṣe ohun tí ọkùnrin náà ṣèlérí, tẹ́tẹ́ nìkan kọ́ ni ọmọ yín máa fi sílẹ̀. Ó lè má lè dìde lọ wẹ̀. Reserpine tún máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè kó ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá èèyàn. Ọmọ tó ti jẹ gbèsè, tí ojú ń tì, ẹ fẹ́ fi ìyẹn kún un? Mi ò rí ìgò náà o, ẹnikẹ́ni kò sì wọn ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí òbí yín ń lo pramipexole, oògùn tó ń ṣe bíi dópámìnì nínú ọpọlọ, fún àìsàn Parkinson, bó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́, ẹ tètè sọ fún dókítà rẹ̀. Oògùn yẹn máa ń fa irú ẹ̀ lára àwọn kan. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Màmá, olùwádìí ni mí, èmi kọ́ ni mo máa tọ́jú ọmọ yín. Ẹ mú un wá sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Wesley Guild tó sún mọ́ yín. Ẹ má pè é ní wèrè, ẹ má sì pè é ní olè níwájú ará ilé. Ẹ bi í jẹ́jẹ́ iye gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ àti bóyá ó ti rò ó rí láti pa ara rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ bá a sọ ọ́ kó gbà kí ẹ máa tọ́jú káàdì báǹkì rẹ̀. Bó bá sì ti mu nínú agbo náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.