Ìbọn kékeré inú báàgì mi ń há. Ṣé mo lè gbé e bọ̀ wálé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Houston, alẹ́ ni mo sì máa ń wọṣẹ́ jù. Wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi níbi tó gbé ọkọ̀ sí, ni mo bá ra ìbọn ìléwọ́ kékeré kan tó ń lo ọta .380. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, inú báàgì ló ń wà. Ẹ̀ẹ̀mejì tí mo lọ fi dánra wò lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó há. Mo tún rí i pé orí ọta kan ti rì wọnú idẹ rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Báwo ni kí n ṣe máa tọ́jú rẹ̀? Oṣù Kejìlá ni mò ń bọ̀ wálé. Nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé, àbúrò mi ọkùnrin ní kí n gbé e dání, ó ní òun náà fẹ́ gba láísẹ́ńsì ti òun. Ṣé ó ṣeé ṣe? — Ìyá Tọ́miwá

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́miwá, a dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó wọ bàálù. Ohun tí ẹ fi kẹ́yìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Ẹ má gbé e bọ̀.

Òfin ìbọn tí à ń lò ní Nàìjíríà, ọdún 1959 ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu wà lọ́tọ̀, àwọn náà sì níwèé tiwọn. Ìbọn ọdẹ alọ́ta, onímú kan àti onímú méjì, wà lọ́tọ̀; ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ni òfin ní kó máa fúnni ní ìwé ìyẹn. Ìpín kẹta ni ti èèwọ̀: bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ológun. Àárín àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n to ìbọn ìléwọ́ sí, ìbáà kéré tó àtẹ́lẹwọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiẹ̀.

Mo mọ̀ pé ní Texas, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé kankan. Etí òkun ni àyè yẹn parí sí. Nígbà tí mo ṣì ń ṣọ́ yàrá ìbọn fún ọlọ́pàá, wọ́n mú ọkùnrin kan wá sí àgọ́ wa, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ó na káàdì rẹ̀ sí wa, fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Káàdì náà kì í ṣe ayédèrú. Ọ̀gá wa wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní, “Káàdì dáadáa ni. Ta ló fún ọ ní ti ibí?” Ọkùnrin náà ò rí èsì fọ̀. Èmi ni mo ka ọta rẹ̀ sínú ìwé lọ́jọ́ náà, mẹ́fà ni.

Àbúrò yín ńkọ́? Ẹ sọ fún un pé kó má fowó ṣòfò. Kò sí àgọ́ ọlọ́pàá kankan ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí l'Ádó tí wọ́n ti ń ta láísẹ́ńsì ìbọn ìléwọ́. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹnì kan l'Ábùjá tí yóò bá a ṣe é, ayédèrú ìwé ló fẹ́ gbé fún un, ọjọ́ tó bá sì fi ìwé náà han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà ló máa mọ̀ pé òun fọwọ́ ara òun gbé ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ ìbọn ọdẹ ló fẹ́, ìyẹn níbi tí wọ́n ti ń béèrè fún un. Kó má sì rò pé gbogbo ẹni tó bá béèrè ló ń rí gbà: òfin yọ ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa sílẹ̀, ó yọ ẹni tó ń mutí lámujù náà.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣàjèjì sí mi. Ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún 2024, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pa Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, ọba aládé méjì. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn kó ní Èmùré. Ta ni ọmọ Èkìtì tó lè gbàgbé? Àmọ́ iṣẹ́ ìbọn ni mo fi jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ìtòsí ni ìbọn ìléwọ́ ti wúlò, ìwọ̀n ìṣísẹ̀ bíi márùn-ún sí mẹ́wàá. Àwọn tó lúgọ sínú igbó pẹ̀lú ìbọn gígùn á ti rí ọkọ̀ yín kí ẹ tó rí wọn, wọ́n sì pọ̀. Ẹni tó bá fa .380 yọ níbẹ̀ ti sọ ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà, kí ẹ má dá nìkan wakọ̀ gba ọ̀nà tó dá, kí ẹnì kan nílé mọ aago tí ẹ gbéra, kí nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn ìlú tí ẹ ń lọ wà lórí fóònù yín pẹ̀lú 112. Ìyẹn ló ń gba èèyàn là lójú ọ̀nà wa.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: báàgì tí ìbọn ń wà nínú rẹ̀ yẹn, ẹ má ṣe gbé e wá rárá. Ẹ fi í sílẹ̀ ní Houston, ẹ lo òmíràn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ká ìbọn mọ́ inú báàgì èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, tí onítọ̀hún á máa búra pé òun gbàgbé ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là sì ni owó ìtanràn rẹ̀. Èyí tó tún burú ni ọta ẹyọ kan tó já bọ́ sábẹ́ aṣọ inú báàgì. Òfin wa ò yọ ọta sílẹ̀. Ẹyọ kan péré, bí wọ́n bá rí i ní Ìkẹjà, Kérésì yín ti bàjẹ́.

Ó yá, ìbọn fúnra rẹ̀.

Bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní Ìjerò. Bí òjò bá pa wọ́n bọ̀ láti inú igbó, màmá mi á ti gbé iyán kalẹ̀, iyán á sì tutù, torí bàbá kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ títí wọ́n á fi fi aṣọ gbígbẹ nu ṣakabùlà wọn látòkè délẹ̀, kí wọ́n tó fi àdí díẹ̀ pa á lára. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ìbọn ni wọ́n fẹ́ràn jù wá lọ. Irin ò gbọ́dọ̀ bá omi sùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òógùn yín omi ni. Houston sì ń móoru bí Èkìtì, nítorí náà ìbọn tó ń wà nínú báàgì lè dógùn-ún láìjẹ́ pé òjò kankan pa á.

Ẹ fi ọjọ́ kan sọ́ra lọ́sẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ ó ti tú ọta inú rẹ̀ nìyí, ẹ má yí ètò rẹ̀ padà láéláé. Ẹnu ìbọn kọjú síbi tí ọta ò ti lè ba ẹnikẹ́ni, ìka kúrò ní tíríga, irin tí ìka ń fà. Mágásíìnì, ilé ọta tó ń wọnú ìdí ìbọn, ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn tó bá ti jáde ni ẹ ó tó fa sláìdì, irin òkè yẹn, sẹ́yìn, ọta tó wà nínú ihò ìdí ọ̀pá ìbọn á fò bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá dà á rú, tó kọ́kọ́ fa sláìdì kó tó yọ mágásíìnì, ọta kan á jáde lóòótọ́, òun náà á rí i tó bọ́ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kò mọ̀ pé mágásíìnì ti ti òmíràn sípò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ní “kò lọ́ta nínú” ti ń pa èèyàn. Ẹ fi ojú wo ihò náà, ẹ tún fi ọmọńdinrín tọ ọ́ wò. Ẹ gbé gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kó má jẹ́ orí tábìlì tí àwọn ọmọ ti ń jẹun, torí ohun dúdú tí ẹ máa nù jáde yẹn, òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ tú u bí ìwé tó bá a wá ṣe wí. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbá eruku inú rẹ̀ jáde: nínú ìbọn obìnrin mo ti rí irun orí, pàǹkéèkì, òwú aṣọ, àní èérún bisikíìtì ọmọ. Ẹ fi oògùn ìfọbọn àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gba inú ọ̀pá ìbọn kọjá, láti ẹ̀yìn wá síwájú bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ wá fi aṣọ nù ún títí aṣọ yóò fi máa jáde ní mímọ́.

Òróró ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Ẹ̀kán kan síbi tí irin ti ń yọ́ lórí irin, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tó. Ìbọn kì í ṣe ìsáasùn tí a ń da epo sí. Òróró tó bá pọ̀ á máa fa eruku mọ́ra bí oyin ṣe ń fa èèrà, ó sì lè ṣàn lọ bá ìdí ọta, kó ba ibi tó ń ṣáná jẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fà á, á dún “ká”, á sì dákẹ́. Ẹ má kán an sínú mágásíìnì rárá, gbígbẹ ni kó wà. Bí ẹ bá parí, omi tútù àti ọṣẹ lẹ ó fi fọwọ́ kí ẹ tó di ọmọ yín mú.

Èyí kan náà lẹ ó ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti yìn ín, kó sì tó ẹ̀ẹ̀kan lóṣù bí ẹ ò tilẹ̀ yìn ín.

Ní ti híhá rẹ̀, ìdọ̀tí oṣù mẹ́jọ lè fà á, àmọ́ ọrùn ọwọ́ yín ni mo kọ́kọ́ fura sí. Agbára ọta ló ń ti sláìdì sẹ́yìn kó lè tu ìkarahun idẹ dànù kó sì gbé ọta tuntun. Bí ọwọ́ bá rọ̀, tí ọrùn ọwọ́ yí sẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn, sláìdì ò ní rí ohun tó le tó máa fẹ̀yìn tì, kò ní lọ dé ìparí ìrìn rẹ̀, ìkarahun á wá há síbẹ̀ bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Ìbọn ńlá lè fara dà á. Èyí tó kéré tó sì fúyẹ́ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ bí àwọn ontàjà ṣe ń sọ fún obìnrin pé kékeré ló rọrùn. Ó rọrùn láti gbé, kò rọrùn láti yìn. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá jẹ́ kí olùkọ́ níbi ìdánrawò yín fi ọta yín kan náà yìn ín. Bí kò bá há lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ìṣòro wà. Ẹ tún kọ 1 àti 2 sí ìdí àwọn mágásíìnì yín, kí ẹ kíyè sí èyí tó ń há. Ó lè jẹ́ pé ètè ọ̀kan ló ti wọ́.

Gbígbé e kiri ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbọn ò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì láìwọ àkọ̀. Àkọ̀ tó le ni kẹ́ ẹ rà, tó bo tíríga dáadáa, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí ìkọ̀wé má baà kọ́ ọ. Àpò ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì ni kó wà, kí ohun mìíràn má bá a gbé ibẹ̀, kí okùn báàgì sì gba àyà kọjá. Ẹ má gbé báàgì yẹn sórí àga, ẹ má sì gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2014, nínú ilé ìtajà kan ní ìpínlẹ̀ Idaho, ọmọ ọdún méjì tó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ìrajà tọwọ́ bọ báàgì ìyá rẹ̀, ó fa ìbọn, ìyá náà sì kú. Àpò ọ̀tọ̀ tó ní síìpù ni ìbọn náà wà, síbẹ̀ ọmọ náà rí i fà. Ní Texas tí ẹ wà, ẹ̀ṣẹ̀ ni tí ẹ bá fi ìbọn tó lọ́ta nínú sílẹ̀ síbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè mú un. Torí náà bí ẹ bá ti wọlé, inú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ ni, kí ẹ tó bọ́ bàtà. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn yín bóyá wọ́n gbà á láàyè. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbà á.

Ó ku ọta tó rì yẹn. Ọta kan náà lẹ máa ń dá padà sókè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú ìbọn tán, àbí? Gbogbo ìgbà tí sláìdì bá gbá a wọlé, orí rẹ̀ á máa rì díẹ̀díẹ̀. Àyè inú idẹ á fún, agbára ẹ̀tù á sì ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó bá bú, ó lè ba ìbọn jẹ́, ó lè pa yín lọ́wọ́ lára. Ẹ máa pààrọ̀ èyí tó ń wà lókè, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kí ẹ fi wé e, kí ẹ sì yìn gbogbo ọta inú rẹ̀ tán níbi ìdánrawò láàárín ọdún kan, kí ẹ ra òmíràn. Ti ọwọ́ yín yìí, ẹ má yìn ín, ẹ má jù ú sí pàǹtí. Ẹ gbé e fún àwọn ará ibi ìdánrawò, wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí. Kí ẹ sì ti ṣe é kí oṣù Kejìlá tó wọlé.