Àbúrò, ẹ má tíì ra òṣùwọ̀n tuntun

Àbúrò, mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. O ní òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn oúnjẹ adìyẹ nílé iṣẹ́ yín lọ́nà Ìkìrun ti lé ní ogún ọdún, pé ihò serial onípíìnì mẹ́sàn-án, èyí tí ìwọ̀n ń gbà lọ sórí kọ̀ǹpútà, wà lẹ́yìn rẹ̀, pé laptop tuntun tí ẹ rà kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀, wáyà USB tí o sì rà ní Ọláìyá ò kọ nǹkan mìíràn jáde ju ìsọkúsọ lọ. Ọ̀gá yín fẹ́ kí ìwọ̀n máa hàn lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú ọ́fíìsì. Ẹnjiníà tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ní kí ẹ ra òṣùwọ̀n tuntun.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló bí mi nínú. Wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà rí. Mo ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ra àjákù irin ṣiṣẹ́ nígbà náà, níhìn-ín Òṣogbo náà ni, òṣùwọ̀n tí tírélà ń gùn wà lẹ́nu géètì wa. Àwọn ẹnjiníà méjì tó wá láti Èkó de táì mọ́rùn nínú oòrùn oṣù kẹta. Wọn ò tú ìdérí kankan, wọn ò yọ mítà tí a fi ń wọn iná jáde. Wọ́n wo òṣùwọ̀n náà bí ẹni ń wo òkú, wọ́n ní ayé ti fi í sílẹ̀, wọ́n sì kọ iye owó tí a lè fi ra Micra méjì sínú ìwé. Ọ̀gá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀, mi ò mọ̀ pé ìyà ni mo ń fọwọ́ ara mi pè.

Bí òṣùwọ̀n yín bá ṣì ń fi ìwọ̀n tó tọ́ hàn lójú ara rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. RS-232 ni èdè tó ń sọ, ó ti wà láti 1960. Ọ̀rọ̀ tó kù ni kí kọ̀ǹpútà rẹ àti òun jọ fẹnu kò lórí bí wọn ó ṣe máa sọ ọ́.

Ibi tí mo ti jẹ palaba ìyà nìyẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ìsọkúsọ sí mi lójú. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ laptop, mo tilẹ̀ ra òmíràn nínú wáyà kan náà torí pé mo rò pé ayédèrú ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo mú ìwé ìkọ̀wé ọmọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí òṣùwọ̀n fi hàn lójú rẹ̀ sápá kan, ohun tó jáde lórí kọ̀ǹpútà sápá kejì. Ìgbà tí mo kọ ọ́ dé ìlà bí ogójì ni ojú mi là. 0, 3, 5, 6 àti 9 kì í bàjẹ́ láéláé. 1, 2, 4, 7 àti 8 ló máa ń yí padà: 1 di ±, 2 di ². «kg» gan-an di «ëç», mo ti ń rò ó pé bóyá Faransé ni wọ́n fi ṣe é.

Ìdí rẹ̀ rèé. Àwọn òṣùwọ̀n àtijọ́ mìíràn máa ń fi bíìtì méje (0 tàbí 1 ni bíìtì kọ̀ọ̀kan) kọ lẹ́tà kan, wọ́n á wá fi ìkẹjọ ṣe olùṣọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní parity. Iṣẹ́ olùṣọ́ ni pé kí àpapọ̀ àwọn bíìtì tó jẹ́ 1 lè jẹ́ iye tó ṣeé pín sí méjì. Bó bá ti ṣeé pín tẹ́lẹ̀, olùṣọ́ á jókòó. Bí kò bá ṣeé pín, á dìde. Kọ̀ǹpútà tèmi wà lórí bíìtì mẹ́jọ láìsí olùṣọ́, nítorí náà nígbàkúùgbà tí olùṣọ́ bá dìde, ó kà á mọ́ ara lẹ́tà. Mo yí i sí 7, Even, 1, ìyẹn bíìtì méje, olùṣọ́ tó ń wá iye tó ṣeé pín sí méjì, àti bíìtì òpin kan, gbogbo rẹ̀ sì tò bí ẹyọ owó. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn oní-táì yẹn ì bá ti rí i kí wọ́n tó mu omi tí a gbé fún wọn tán.

Bó bá jẹ́ pé kò sí lẹ́tà kan tó tọ́ rárá nínú tìrẹ, ìyára tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ (baud) ló yàtọ̀. Gbìyànjú 9600, 4800, 2400, 1200. Bí kò bá sì sí nǹkan kan tó jáde, fi mítà wọn píìnì 2 àti 3 lẹ́yìn òṣùwọ̀n, kí wáyà dúdú mítà wà lórí píìnì 5. Èyí tó bá fi nǹkan bíi −5 sí −12 fóòtì (volt) hàn ni ẹnu rẹ̀, ìkejì ni etí. Ẹnu ẹnì kan gbọ́dọ̀ kan etí ẹnì kejì. Bí ẹnu bá dojú kọ ẹnu, wàá nílò wáyà tó pààrọ̀ 2 àti 3. Ó sì lè jẹ́ pé òṣùwọ̀n náà kì í sọ̀rọ̀ àfi kí ẹ tẹ PRINT. Wo ìyẹn nínú menu rẹ̀.

Nípa àwọn wáyà USB wọ̀nyí, ṣọ́ra. Ayédèrú chip ló pọ̀ nínú wọn. Ní 2014, dráífà kan (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá chip sọ̀rọ̀) tí FTDI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú chip bẹ́ẹ̀, gbé jáde gba orí Windows Update ń sọ ayédèrú chip wọn di òkú lábẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti rà á, tí wọn ò sì mọ̀ pé ayédèrú ni. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá yọ ọ́ kúrò lójú ihò kan tí o fi í sínú ihò mìíràn, orúkọ tí Windows fún un lè yí padà, COM3 lè di COM7, ìwé ìwọ̀n rẹ á dákẹ́ lójijì. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta pátákó USB tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń so mọ́ Arduino, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, fún ọ. 5 fóòtì ni tiwọn; RS-232 lè gbé 12 tàbí 15 wá, nígbà mìíràn ní òdì. Mo ti jó ọ̀kan. Òórùn rẹ̀ ò lọ nínú yàrá fún ọjọ́ méjì.

Wàyí o, àrá. Ọ́fíìsì wa jìnnà sí géètì tó nǹkan bí 70 mítà. Ohun tí ìwé sọ ni pé RS-232 ò gbọdọ̀ ju bíi 15 mítà lọ, ṣùgbọ́n bí ìyára bá kéré, ó máa ń lọ jù bẹ́ẹ̀. Ó lọ. Òun ló tàn mí jẹ. Mo fa wáyà gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà, mo dè é mọ́ òpó, ìwọ̀n ń jáde nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá mi ra ẹran ìgbẹ́ fún mi. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ilé géètì, òun pẹ̀lú wáyà ilẹ̀ tirẹ̀. NEPA ló ń gbé ọ́fíìsì, òun náà pẹ̀lú tirẹ̀. Mi ò ronú kan èyí rárá.

Òjò àkọ́kọ́ lóṣù kẹrin, mànàmáná kọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́bàá ibẹ̀. Kò tilẹ̀ bá ilé wa. Ihò serial òṣùwọ̀n dákẹ́, laptop dákẹ́, súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì náà dákẹ́. Ẹ̀rín ni àwọn oní-táì fi mí rín lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń fi bírò kọ ìwọ̀n sínú ìwé, àwọn awakọ̀ ń bá wa jà lórí kìlógíráàmù lójoojúmọ́, ọ̀gá mi ò sì dá mi lóhùn bí mo bá kí i láàárọ̀. Àlejò ọdún Ọ̀ṣun ti ń kún ìlú lóṣù kẹjọ kí n tó rí ọmọ kan ní Ìgbọ̀nà tó ń tún rédíò ṣe, tó tú òṣùwọ̀n náà, tó nawọ́ sí chip kékeré kan, MAX232, tó ń bá a sọ èdè RS-232, ó ní chip yẹn nìkan ló jó nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó owó ìrẹsì alẹ́. Ọmọ tó ń tún rédíò ṣe o, kì í ṣe ẹnjiníà.

Ohun tó fa á ni pé ilẹ̀ géètì àti ilẹ̀ ọ́fíìsì kì í ṣe ilẹ̀ kan náà nígbà tí mànàmáná bá kọ. Píìnì 5 so àwọn méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìyàtọ̀ àárín wọn gbà kọjá. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá: mi ò jẹ́ fa wáyà serial láti ilé kan dé ìkejì mọ́. Jẹ́ kí wáyà serial rẹ kúrú, mítà méjì tó. Ra àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní serial device server, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n gan-an, kí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá gbé ìyókù lọ. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ tó 100 mítà, tiransifọ́mà tíntìntín sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ya ilẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Bí yóò bá gba ìta gbangba, fáíbà, wáyà onídígí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, ni kí o lò; iná mànàmáná kì í gba inú dígí kọjá. Fáíbà ni mo fi parí tèmi. Wọ́n lè dárúkọ RS-485 fún ọ, èdè serial mìíràn tó ń lọ tó 1200 mítà. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n bàbà ṣì ni, àrá ò mọ ìyàtọ̀ wọn.

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta lo bèèrè, mo ti ń sọ̀rọ̀ àrá. Àpótí yẹn náà ni ìdáhùn. Fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì IP tí kì í yí padà, fi í sórí TCP server, ipò tí kọ̀ǹpútà á ti máa wá bá a lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún un ní ìyára àti parity tó bá òṣùwọ̀n mu, lẹ́yìn náà wá ibi tí wọ́n kọ Max connection sí. Àwọn tí mo ti fọwọ́ kàn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà láyè bí wọ́n ṣe wá. Sọ ọ́ di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ COM nìkan ni ètò tí ẹ ń lò mọ̀, dráífà tó ń ṣe COM àfarawé máa ń bá àpótí náà wá. Bí owó ò bá tó, Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní ser2net yóò ṣe é. Kí ẹni tó bá ń kọ ètò yín rántí pé nọ́ńbà lè dé ní ìdajì-ìdajì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kó dúró di òpin ìlà kó tó kà á.

Ọ̀gá yín á ní òun fẹ́ máa wò ó láti Àbújá. Má ṣí àpótí yẹn sí íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2015, àwọn tó kọlu iná mànàmáná ní Ukraine pa irú àpótí yìí gan-an ní àwọn ibùdó iná, wọ́n ba sọ́fítíwíà inú wọn jẹ́. Nǹkan bí 225,000 oníbàárà ló wà nínú òkùnkùn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní láti wakọ̀ lọ fọwọ́ tan iná padà. Àwa tí ibùdó ìṣàkóso iná gbogbo Nàìjíríà wà nílùú wa, kò yẹ kí irú ìtàn yẹn jìnnà sí wa létí. VPN, ọ̀nà àdáni tí a tì pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kó gbà wọlé.

Àpò oúnjẹ adìyẹ yín, kìlógíráàmù 25 ni, àbí? Gbé ẹyọ kan sórí òṣùwọ̀n lọ́la. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ ²5, o ti mọ ibi tí wàá yí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ya fọ́tò ohun tó kọ àti ìwé pélébé tó wà lẹ́yìn òṣùwọ̀n náà, kí o fi wọ́n síbí.