Ṣé lóòótọ́ ni pé ilé òyìnbó kì í wó? Ìdáhùn fún àwọn tó fẹ́ wọ ọ́fíìsì èbúté àtijọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà létí ọ̀sà ládùúgbò wa níbí l'Ékòó. Ọ́fíìsì èbúté ni láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa á tì. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti ya fọ́tò àti fídíò. Ògiri rẹ̀ nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Káfíńtà kan bá wa fi òkúta kàn án wò, ó ní ilé òyìnbó kì í wó, pé tá a bá ṣáà ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò séwu. Irú bàtà wo ló yẹ ká wọ̀? Ṣé tọ́ọ̀ṣì fóònù tó?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ kú ìfẹ́ ohun àtijọ́. Ọ̀rọ̀ bàtà ṣì ń bọ̀. Ohun tí káfíńtà yẹn sọ fún yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá sí, torí ìbéèrè tó ń dé ọ̀dọ̀ mi lórí irú ilé báyìí kì í tán, gbólóhùn kan náà ló sì máa ń wà nínú wọn: ilé òyìnbó kì í wó.

Irọ́ ni. Ó ń wó. Etí omi ló sì ti ń yá wó jù.

Mo mọ ìdí táwọn èèyàn fi gbà á gbọ́. Wọ́n rí ilé tí wọ́n kọ́ ní 1900 tó ṣì dúró, wọ́n tún gbọ́ pé ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n kọ́ lésìí wó pa èèyàn, wọ́n wá pinnu pé àwọn ará àtijọ́ mọ̀ ọ́n kọ́ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó dúró nìkan lẹ̀ ń rí. Ilé àtijọ́ tó ti wó, ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ bánkì àti ilé epo lé lórí, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ kò lè fi ẹni tó yè nìkan ka iye ẹni tó lọ sógun.

Ohun mìíràn tí wọn kì í rò ni ìtọ́jú. Nígbà tí àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́, PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ òde, ní òṣìṣẹ́ tó ń kun irin, tó ń pààrọ̀ páànù tó bá jò, tó ń kó ewé kúrò níbi tí omi òjò ń gbà. Òun ló mú ilé dúró. Ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó gun òrùlé wò mọ́, ọjọ́ náà ni ilé yín bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ìjẹrà yẹn kò sì hàn síta. Páànù kan ṣoṣo tí atẹ́gùn bá ṣí ti tó láti jẹ́ kí òjò rọ sórí igi kan náà lọ́dọọdún.

Ní ti ògiri tó nípọn, mi ò bá yín jiyàn. Ó lè nípọn, kó sì dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rìn lórí ògiri. Ilẹ̀ òkè lẹ máa tẹ̀, ohun tó gbé ilẹ̀ òkè dúró ni igi tàbí irin tí wọ́n kì bọ inú ògiri yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé méjèèjì dáadáa, torí níbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Tó bá jẹ́ pákó ni wọ́n tẹ́ sókè, wọ́n gbé ìtì igi dábùú láti ògiri kan dé ìkejì, wọ́n sì ki orí igi méjèèjì bọ inú ògiri. Ògiri etí ọ̀sà kì í gbẹ. Orí igi tó wà nínú rẹ̀ ń mu omi ní gbogbo ìgbà, kò rí afẹ́fẹ́, ikán sì ń gba inú ògiri gòkè bá a láì sẹ́ni tó rí i. Nítorí náà ibi tí igi ti kọ́kọ́ ń jẹrà ni ibi tó ti wọ ògiri. Àárín igi lè le gbagidi, kí orí rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Ẹ wá wo ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín: ẹ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri! Mo mọ ibi tí káfíńtà yẹn ti rí i. Nínú ilé tó gbẹ, tó ní ìtọ́jú, pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bó ṣe ń tẹ̀ láàárín, òótọ́ sì nìyẹn. Nínú ilé tí òjò ti ń wọ̀ láti ogún ọdún, ẹ̀gbẹ́ ògiri gan-an ni orí igi ti máa yọ. Tó bá sì yọ, kì í ṣe pákó kan ló máa já. Gbogbo apá ibẹ̀ ló máa lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní dún kí ẹ tó mọ̀.

Tó bá jẹ́ irin ni, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú kò rí i rárá. Nínú irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ́ ọ máa ń to irin ìdábùú sókè, wọ́n á to bíríkì sí àárín wọn ní ìrísí ọrun tàbí kí wọ́n da kọnkéré sí i, wọ́n á rẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á kùn ún ní funfun. Ẹni tó bá gbójú sókè á rò pé àjà lásán ni. Irin tó bá rí omi àti afẹ́fẹ́ á dógùn-ún, tí iyọ̀ bá sì dá sí i, eré ló ń sá. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wọlé lójoojúmọ́, kò dìgbà tí omi bá dé ẹnu ọ̀nà. Ìpẹtà tó ń hù lára irin yẹn ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, láti ìlọ́po méjì títí dé nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Kò sì sí àyè nínú kọnkéré. Nítorí náà á máa tì í, kọnkéré á sán, omi á tún rí ọ̀nà wọlé, irin á tún máa jẹ lọ.

Mo lè sọ bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ láti ojú fèrèsé láì wọlé. Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀ òkè. Tí ẹ bá rí ìlà tó gùn tààrà bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, tí àwọ̀ pupa bí ilẹ̀ sì ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irin tó ń kú ló wà lẹ́yìn ìlà yẹn. Níbi tí kọnkéré bá ti já bọ́, ẹ ó rí irin náà fúnra rẹ̀, ó ti ṣí ní ìpele ìpele, ọwọ́ lásán sì lè bó o. Irin tí ọwọ́ lè bó ni wọ́n ní kí ẹ̀yin mẹ́rin gùn lé pẹ̀lú kámẹ́rà.

Ògiri ọ̀hún náà kò mọ́ lọ́rùn. Omi ń gba ìpìlẹ̀ gòkè sínú bíríkì, oòrùn á fa omi náà síta, iyọ̀ inú rẹ̀ á ṣẹ́kù, á dì sínú ihò bíríkì, bó ṣe ń dì ló ń fọ́ ọ láti inú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri láti orúnkún dé àyà, ẹ ó rí nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú kan tí àwọn èèyàn ń pè ní ọ̀dà àtijọ́. Iyọ̀ ni. Tí ẹ bá fi ìka fá bíríkì ibẹ̀, yóò máa kúnná bọ́ sílẹ̀. Láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n sun láti ara ìkarahun tàbí òkúta, ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ irú ògiri bẹ́ẹ̀. Láìmù ń jẹ́ kí ògiri mí. Níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti wá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lẹ́yìn náà kó lè dán, ó ti sé omi mọ́ inú, ìfọ́ náà á sì yára sí i. Ògiri tó dán jù nínú ilé yẹn lè jẹ́ èyí tó ti bàjẹ́ jù.

Káfíńtà fi òkúta kàn án wò, ó gbọ́ ko, ko, ko. Àwa náà ń fi òòlù kan ògiri. Ohun tí ìró yẹn ń sọ fún wa kò ju bóyá ìrẹ́ ti ṣí kúrò lára bíríkì lọ. Kò lè sọ ohun kan nípa orí igi tó wà nínú ògiri lókè. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bínú. Ẹni tó mọ igi í gé mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò yẹ kó máa fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣe onídùúró fún ilé tí kò yẹ̀ wò.

Ẹlòmíràn á ní, ìdènà omi tó wà lẹ́nu òkun Èkó ńkọ́? Òyìnbó ló kọ́ ọ, ó sì wà níbẹ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní nǹkan bí 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí pé yanrìn tó dí ẹnu òkun kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Òkúta Arò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n fi rélùwéè kó wá. Òkúta lórí òkúta ni, kò ní irin nínú tí iyọ̀ máa jẹ, kò ní pákó tí ikán máa jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì tí ẹ fẹ́ wọ̀ kò bá a tan.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ilé náà tó bá jẹ́ pé orí òpó igi ló wà lápá omi. Kòkòrò kan wà nínú omi iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Teredo, ó ń lu igi láti inú bí ikán ṣe ń ṣe lórí ilẹ̀, ara òpó á sì máa dán lóde. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá igi líle bí ọ̀pẹ̀pẹ̀ fún iṣẹ́ etí omi. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ náà kì í wà títí ayé.

Àwọn ewu tó kù, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Àdán fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàìsí nínú irú àjà bẹ́ẹ̀. Nínú ìgbẹ́ àdán ni irú ebu kan tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń pè ní histoplasmosis ti máa ń hù, àwọn onímọ̀ ti rí i nínú ihò Ogbunike ní Anambra. Tí ẹ bá rú eruku rẹ̀ sókè, ẹ ó fà á símú. Páànù tàbí àjà tó nípọn, tó ní àwọ̀ eérú, lè jẹ́ asbẹ́stọ́ọ̀sì, ohun ìkọ́lé àtijọ́ kan tí eruku rẹ̀ léwu: ẹ má fọ́ ọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́, torí jẹjẹrẹ tó ń fà lè lo ogún sí ogójì ọdún kó tó yọjú. Ejò, èyí ẹ mọ̀.

Ọ̀kan wà tí ẹ ò mọ̀. Ọ́fíìsì èbúté máa ń ní yàrá onílẹ̀kùn irin tí wọ́n ń kó owó orí ẹrù sí, nígbà míì ó tún máa ń ní táńkì omi lábẹ́ ilẹ̀. Irin tó ń dógùn-ún nínú ibi tó pa dé ń lo afẹ́fẹ́ tí èèyàn fi ń mí, ìyẹn ọ́síjìn. Kò ní rùn, kò ní ta yín lójú. Ẹni tó bá wọ irú ibẹ̀ lè dákú láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tó sì sáré wọlé láti gbé e, òun náà á ṣubú. Bí kànga ṣe ń pa èèyàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ má ṣílẹ̀kùn irin kankan.

Ṣé kí ẹ wá lọ lọ́jọ́ Sátidé? Rárá. Mi ò tí ì fojú rí ilé yín, kò sì sí onímọ̀ tó lè wà níbi tó jókòó sí kó sọ fún yín pé ilé kan dára láti wọ̀. Àlàyé tí mo ń ṣe yìí kò dípò àyẹ̀wò. Ilé náà ní olówó, yálà àjọ tó ń bójú tó èbúté, ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ẹbí kan. Tó bá wà nínú ọgbà èbúté tó ń ṣiṣẹ́, òfin ààbò èbúté tó wà káàkiri ayé láti 2004 kò fàyè gba àlejò tí kò gbàṣẹ. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, bá yín wọ̀ ọ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ̀ lé e. Ó lè gba oṣù. Ẹ ní sùúrù.

Mi ò ní kí ẹ fi ilé náà sílẹ̀ o. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Lagos Island, Ilojo Bar, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Fọ́tò táwọn èèyàn ti yà ṣáájú ló kù fún wa. Nítorí náà ẹ ya tiyín láti ìta báyìí: gbogbo ojú ilé, fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ẹ yà á lára rẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ ni fáìlì àwọn amúnisìn wà. Ẹ lọ wo Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Ebute-Metta, ilé 1898 tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe. Ibẹ̀ ẹ lè gun òkè rẹ̀, ẹ sì lè rí bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe rí nígbà tó wà láàyè.

Ní ti bàtà, ọjọ́ tí ẹ bá gbàṣẹ: èyí tó ní irin níwájú àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, torí ìṣó. Ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ṣáájú. Akoto líle fún orí, ìbòmú N95, kì í ṣe ti aṣọ. Tọ́ọ̀ṣì fóònù kò tó, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú tọ́ọ̀ṣì gidi kan dání, kí fóònù wà fún ìpè nìkan. Kí ẹnì kan dúró síta, tí kò ní wọlé rárá. Tí ohunkóhun bá já, òun ló máa pe 112 tàbí 767, kò gbọ́dọ̀ sáré wọlé.