Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Hítà Tó Ń Fẹ́ Atẹ́gùn Tútù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Chicago, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe. Honda Accord ọdún 2000 ni mo ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní “Baby Boy” nílé. Láti oṣù Kọkànlá ni hítà rẹ̀ ti ń dà mí láàmú. Bí mo bá ń sáré lójú títì, ó máa ń móoru dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró níbi iná pupa, atẹ́gùn tútù nini ni yóò máa fẹ́ sí mi. Géèjì ooru ẹ́ńjìnnì kò kúrò láàárín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bu omi kún rédíétọ̀. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ní kí n pààrọ̀ rédíétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, owó tó sì pè lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Hítà ọkọ̀ yín kì í dá ooru ṣe. Ooru tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ dà nù ni ó ń yá lò. Omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù máa ń gba họ́ọ̀sì kan wọ inú rédíétọ̀ kékeré náà, á sì gba èkejì jáde, fáànù á wá fẹ́ atẹ́gùn gba ara rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ yín. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní hítà ló kú, ọ̀rọ̀ omi ẹ́ńjìnnì ni èmi máa ń kọ́kọ́ wádìí.

Pé ó ń móoru nígbà tí ẹ bá ń sáré, tí ó sì ń tutù nígbà tí ẹ bá dúró, jẹ́ àmì kan tí àwa oníṣẹ́ mọ̀ bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀: omi ti lọ sílẹ̀, tàbí kí afẹ́fẹ́ ti há sójú ọ̀nà rẹ̀. Òkè ni rédíétọ̀ kékeré yẹn wà, òun ni omi sì kọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ túrótù, pọ́ńpù omi á yí kíkankíkan, á sì gbé ìwọ̀nba omi tó kù dé òkè. Bí ẹ bá dúró, agbára pọ́ńpù á rọlẹ̀, omi á sì padà sẹ́yìn. Ti géèjì tí kò kúrò láàárín kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ púpọ̀, nítorí pé irin tó ń wọn ooru gbọ́dọ̀ wà nínú omi kí ó tó lè sọ òtítọ́.

Ẹ ṣe é báyìí. Ní àárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ ńlá fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan. Ike lè kún dẹ́nu kí rédíétọ̀ má ní omi, bí rọ́bà ìdérí bá ti gbó débi pé kò lè fa omi padà mọ́, èyí ló sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣí i nígbà tó bá gbóná o; omi tó wà lábẹ́ agbára nínú rẹ̀ lè fò jáde, kí ó sì bó ènìyàn lójú àti lápá. Ẹ fi kúláǹtì, oògùn olómi tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì dì, àti omi mímọ́ irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì kún un, ìdajì-ìdajì. Àpòpọ̀ yìí kò ní dì títí òtútù yóò fi dé nǹkan bí -37°C, Chicago yín sì ti rí -30°C ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán ni ẹ bù sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ sọ yẹn, ẹ tètè dà á nù, nítorí pé omi tó bá dì máa ń wú, ó sì lè la irin ẹ́ńjìnnì sí méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé imú ọkọ̀ sí ibi tó ga díẹ̀, ẹ yí hítà sí ibi tó gbóná jù, ẹ fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ sì tan ọkọ̀. Ìfófòó yóò máa ru jáde lójú omi, omi náà yóò sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa bù ú kún un, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè, kí afẹ́fẹ́ tó há lè rọ́nà jáde. Ìgbà tí fáànù rédíétọ̀ bá ti tan lẹ́ẹ̀mejì tí ìfófòó kò sì yọ mọ́ ni ẹ tó lè dé e.

Bí atẹ́gùn tútù bá ṣì ń jáde, ọwọ́ yín ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó kàn. Ẹ wa ọkọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á, kí ẹ sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní ara ògiri irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, ẹ ó rí họ́ọ̀sì rọ́bà méjì tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ rọra fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ sì tètè gbé ọwọ́ kúrò. Bí méjèèjì bá gbóná, omi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré tó ń darí atẹ́gùn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí wáyà tó ń fà á, ni ó ní àrùn. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, omi kò là á já: nínú Accord yín, ẹ kọ́kọ́ wo fáàfù kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi tó sì ń dé e, èyí tó wà lára họ́ọ̀sì náà, kí ẹnì kan máa yí bọ́tìnnì hítà láti tútù sí gbígbóná bí ẹ ti ń wò ó. Bí apá rẹ̀ kò bá mira, wáyà rẹ̀ ti já tàbí ó ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni. Bí fáàfù bá ṣí tí nǹkan kò yí padà, rédíétọ̀ kékeré ti dí. Bí méjèèjì bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fura sí tẹmosítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná, pé ó ti ṣí tí kò lè pa dé mọ́.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà tẹmosítáàtì rí. Nílé la ti kọ́ mi pé kí n yọ ọ́ sọnù, mo sì gbé ìmọ̀ yẹn rékọjá òkun. Mo yọ ti ọkọ̀ mi ní oṣù Kẹsàn-án, inú mi dùn pé mo gbọ́n. Nígbà tí oṣù Kìíní dé, bí mo bá ń wakọ̀, mo ní láti máa fi káàdì ike ha yìnyín tó ń dì sí inú gíláàsì iwájú, tí ẹsẹ̀ mi kò sì mọ̀ bóyá túrótù ni òun ń tẹ̀ tàbí bíréèkì.

Bí rédíétọ̀ kékeré bá dí lóòótọ́, kò tíì di dandan kí a tú dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí pé títú un ni owó ńlá yẹn ń bá lọ. Kí a tú họ́ọ̀sì méjèèjì, kí a sì fi omi tó ń sun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde, kí ìdọ̀tí lè padà síbi tó gbà wọlé. Ẹ ó rí omi pupa bí omi ẹrẹ̀. Kí a máa yí i, ní ọ̀tún ní òsì, títí yóò fi mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí omi ẹ̀rọ gbùrà sí i. Irin tó ti lo ogún ọdún kò lágbára mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da ẹ̀tù adíhò sínú rédíétọ̀ yín. Ẹ̀tù yẹn kò mọ ihò jíjò yàtọ̀ sí ihò tó yẹ kí omi gbà, àwọn ihò tín-ín-rín inú hítà ló sì máa ń kọ́kọ́ dí.

Ibi tí omi ń lọ ló kù. Ẹ wo abẹ́ pọ́ńpù omi, ẹ wo ibi tí ike àti irin rédíétọ̀ ti pàdé, ẹ sì wo kápẹ́ẹ̀tì iwájú bóyá ó rin. Àwọn ilé ìtajà ẹ̀yà ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà máa ń yáni ní pọ́ńpù ọwọ́ tí a fi ń dán jíjò wò. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, ṣùgbọ́n tí èéfín funfun tó ń rùn dídùn-dídùn ń yọ ní sálẹ́ńsà, tàbí tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dà bí ẹ̀kọ tí a bu mílíìkì sí, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló ti jó. Ìyẹn ni kí ẹ lọ fi owó tún ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Fáànù hítà ọkọ̀ mi ní London kì í ṣiṣẹ́ lórí 1, 2 àti 3, lórí 4 nìkan ló ń fẹ́, bí ìjì. Ṣé fáànù ló bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, iná tó ń lọ sí 1, 2 àti 3 máa ń gba rẹ̀sísítọ̀, ohun kékeré tó ń dín agbára iná kù, kọjá, ti 4 kì í gbà á. Rẹ̀sísítọ̀ ló jó. Ẹ̀yìn àpótí tí a ń kó ìwé sí níwájú èrò ni ó sábà máa ń wà, súkùdíráfà kan sì tó láti yọ ọ́. Ẹ yẹ ẹnu wáyà tó wọ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú, bí ike rẹ̀ bá ti yọ́ tàbí tó dúdú, ẹ pààrọ̀ òun náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tuntun yóò tún jó.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Mẹkáníìkì, mo kí yín láti Ìbàdàn. Camry 2003 tòkunbọ̀, “Big Daddy”, ni mo ní. Kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ èrò rin, mẹkáníìkì mi sì so họ́ọ̀sì hítà méjèèjì pọ̀, ó tún yọ tẹmosítáàtì, ó ní ilẹ̀ wa kò nílò rẹ̀. Láti ìgbà náà ó ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sì fẹ́ gbé ìdílé mi lọ sí Jos ní ìparí ọdún.

ÌDÁHÙN: Ohun méjì ni mẹkáníìkì yín ṣe, ìdájọ́ wọn kò sì rí bákan náà. Síso họ́ọ̀sì pọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní Ìbàdàn bí rédíétọ̀ kékeré bá ń jò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé òun ló ń jò? Ẹ́síì náà máa ń ṣe omi, bí ihò tó yẹ kí omi yẹn gbà bọ́ sí ilẹ̀ bá dí, orí kápẹ́ẹ̀tì kan náà ni yóò dà sí. Omi ẹ́síì kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Kúláǹtì máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ó ní àwọ̀, ó sì ń rùn dídùn. Bí ó bá ń jò, gíláàsì iwájú pẹ̀lú yóò máa ní ìkùukùu ọlọ́ràá tí aṣọ kò lè nù kúrò tán. Ẹ fi aṣọ funfun tẹ kápẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ wò ó, ẹ má tọ́ ọ wò, nítorí májèlé ni. Bí ó bá dà sílẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án dànù kí ajá tàbí ọmọdé má baà lá a.

Ti tẹmosítáàtì ni n kò lè gbà. Nǹkan bí 82°C ni ti ọkọ̀ yín máa ń ṣí. Láìsí i, omi ń sáré yí ká, ẹ́ńjìnnì kì í sì tètè gbóná tó bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò rò pé àárọ̀ ni títí, yóò sì máa fún un ní epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ibẹ̀ ni owó epo yín ń gbà lọ. Ọ́ìlì náà kò ní lè lé omi inú rẹ̀ jáde, yóò sì máa ki. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń yọ ọ́: èyí tó bá dé tí kò ṣí mọ́ lè sè ẹ́ńjìnnì jinná. Ṣùgbọ́n tuntun ni oògùn ìyẹn. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù. Bí omi ṣe ń súnmọ́ híhó, ẹ ó rí i tó ń ya ẹnu, bí ẹ bá sì gbé e jáde, yóò pa á dé. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.

Ní ti Jos, ìlú yẹn ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, ọyẹ́ àárọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ti Ìbàdàn. Ẹ ó nílò súwẹ́tà. Ohun tí mo kà sí àdánù jù ni pé, bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹni tí hítà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè tan án sí ibi tó gbóná jù, kí ó ṣí fèrèsé, kí ó sì fi fa díẹ̀ nínú ooru náà kúrò títí yóò fi rí ibi páàkì. Ẹ̀yin kò ní ìyẹn mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àgbàlagbà ni mí ní Manchester. Mo ra Volkswagen ìjàpá ọdún 1972, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975. Hítà rẹ̀ móoru, ṣùgbọ́n orí máa ń fọ́ mi bí mo bá ti wà á fún ìgbà díẹ̀.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tan hítà yẹn mọ́ láti òní. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá kò ní omi. Ara páìpù sálẹ́ńsà ni hítà rẹ̀ ti ń gba ooru: irin méjì tó dà bí àpótí ló bo páìpù náà, atẹ́gùn ń gba àárín wọn wọ inú ọkọ̀. Bí páìpù inú bá ti dípẹtà tó lu, èéfín ẹ́ńjìnnì yóò bá atẹ́gùn yẹn wọlé, carbon monoxide inú rẹ̀, gáàsì olóró tó lè pa ènìyàn, kò sì ní òórùn tàbí àwọ̀. Ẹ má fi ọkàn tán imú yín. Òórùn ọ́ìlì tó ń ta sára irin gbígbóná yẹn lè wà pẹ̀lú, kí a sì tún ìyẹn náà ṣe, ṣùgbọ́n orí fífọ́ ni kí ẹ kà sí.

Ẹ ti ọwọ́ hítà méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì ọwọ́ wálẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì máa ṣí fèrèsé títí ọkọ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Kí ó gbé e sókè, kí ó sì wo àpótí méjèèjì. Bí páìpù inú bá ti lu, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe tuntun fún ìjàpá. Ẹ má gbà kí ó fi iná wẹ́ńdà lẹ̀ ẹ́, nítorí pé irin tó ti jẹ tán yóò tún lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n lẹ̀. Ẹ tún ra aago kékeré tó ń ké bí carbon monoxide bá wà, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ilé, kí ẹ sì gbé e sí orí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ yín nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tún un tàn.