Ṣé Ẹni Tó Lágbára Lójú Ogun Gbogbo Kì Í Pàdánù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Ọ̀kan nínú wọn rí "full spectrum dominance", ìyẹn kí èèyàn lágbára lójú ogun gbogbo, kà níbì kan, ó wá bi mí pé ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sógun tí Amẹ́ríkà ò lè ṣẹ́. Mo ní rárá. Ó ní kí nìdí? Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Báwo ni kí n ṣe là á yé e?

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ sọ fún un tọ̀nà, tíṣà. Ìdí ẹ̀ nìkan ló kù.

Àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde nínú ìwé ìlànà tí wọ́n pè ní Joint Vision 2010, lọ́dún 1996, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú nínú Joint Vision 2020, lọ́dún 2000. Ojú ogun márùn-ún ni wọ́n kà: ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ tí bàlúù ń fò, gbalasa òfurufú tí sátẹ́láìtì wà, àti ìròyìn. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ogun wọn lè rìn fàlàlà nínú gbogbo ẹ̀, kí apá ọ̀tá má sì ká wọn níbẹ̀. Ìròyìn ni kí ẹ tẹnu mọ́, torí òun làwọn ọmọ máa ń gbàgbé: kí o mọ ibi tí ọ̀tá wà, kí ọ̀tá má mọ ibi tí o wà. Lónìí, "multidomain operations", ìyẹn kí wọ́n pa agbára ojú ogun gbogbo pọ̀ jà, ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọn. Ìbátan kan náà ni.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bàlúù lè fọ́ afárá, kò lè dúró ṣọ́ ìlú; ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè ṣọ́ ìlú, kò rí ẹ̀yìn òkè. Ẹ fi ogun Kùwéètì ọdún 1991 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Amẹ́ríkà àtàwọn tó tì í lẹ́yìn fi lé Ìráàkì kúrò níbẹ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí bàlúù fi ń lu rádà, afárá àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ Ìráàkì kí àwọn tó ń jà lórí ilẹ̀ tó ṣísẹ̀. Aṣálẹ̀ ìwọ̀ oòrùn ni ọ̀pọ̀ wọn gbà yípo, níbi tí kò sí ọ̀nà, tí kò sí igi tí èèyàn lè fi ṣàmì. Sátẹ́láìtì ló ń sọ ibi tí wọ́n dé fún wọn. Wákàtí 100 ni ogun orí ilẹ̀ gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn ọdún 2002 fún ọmọ náà. Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe nínú ológun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìtàn yìí kì í kúrò lọ́kàn mi. Amẹ́ríkà ṣe ìdánrawò ogun ńlá kan, Millennium Challenge, tó ná wọn ní mílíọ̀nù 250 dọ́là. Paul Van Riper, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n ní kó ṣe ọ̀tá. Wọ́n ti múra láti máa gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ lórí afẹ́fẹ́. Kò bá wọn sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Àwọn alálùpùpù ló ń bá a jíṣẹ́. Ìwé tó wà lápò ẹni tó gun alùpùpù kì í dún. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọ. Ó wá kó mísáìlì àti àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ ogun 16 sì rì nínú ìṣirò ìdánrawò náà. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ ní kí wọ́n dá àwọn ọkọ̀ náà padà sójú omi, kí iṣẹ́ máa lọ. Van Riper fi ipò náà sílẹ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni wọ́n ṣe; ibi tí ọ̀rọ̀ ti já wọn kulẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n jókòó tì.

Láti 2001 títí di oṣù kẹjọ 2021, kò sẹ́ni tó bá Amẹ́ríkà du òfurufú Afghanistan. Síbẹ̀, Taliban, ẹgbẹ́ tí Amẹ́ríkà ń bá jà níbẹ̀, wọ Kabul, olú ìlú Afghanistan, kí ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kó tán níbẹ̀. Ẹnu ta ni ará abúlé máa gbọ́ràn sí bí ọmọ ogun bá ti lọ? Ta ni yóò dá ẹjọ́ ilẹ̀ fún un? Bàlúù ò lè gbé ìyẹn.

Ní kíláàsì, ẹ kọ ojú ogun márààrún sójú pátákó, kí ẹ wá kọ ìbéèrè kan sísàlẹ̀ wọn: kí ni wọ́n fẹ́ kí ogun náà mú wá? Lọ́dún 1991, lílé Ìráàkì kúrò ní Kùwéètì ni. Iṣẹ́ tí ọmọ ogun lè ṣe tán nìyẹn. Ní Afghanistan, wọ́n tún fẹ́ ìjọba tí àwọn èèyàn ibẹ̀ yóò dì mú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó béèrè yẹn kọ èyí síbẹ̀ fúnra ẹ̀.