Ṣé egbére ni kí n pe aye-aye nínú ìwé ọmọdé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin atúmọ̀ èdè wa. Olùkọ́ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mo ń túmọ̀ ìwé aláwòrán kan tó dá lórí ẹranko sí Yorùbá, àfi bí mo ṣe kan ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní aye-aye, iṣẹ́ bá dúró. Mo ti kọ́kọ́ kọ "egbére", torí òru ló ń jáde, ojú rẹ̀ sì ń bani lẹ́rù. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní "ọ̀kẹ́rẹ́ òru" ló dáa. Èwo ni kí n mú? Àbí kí n kúkú fi í sílẹ̀ bí òyìnbó ṣe kọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin olùkọ́. Èyí tí ẹ bi kẹ́yìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló léwu jù. Ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ń pè é ní "ai-ai", ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá rí "aye-aye" lójú ìwé, ayé ni yóò kà. Mo dán an wò. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 8, kà á fún mi. Ó ní "ayé-ayé", ó wo àwòrán ẹranko náà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àǹtí, ṣé àwọn ayé ni?" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ mo pa á rẹ́ kíá.

Egbére ńkọ́? Iwin ni egbére, kì í ṣe ẹranko. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: kúkurú báyìí, tó ń gbé ẹní kiri lóru, tó ń sunkún, tí wọ́n ní ẹni tó bá já ẹní náà gbà yóò là. Àwa fúnra wa la lọ fi orúkọ rẹ̀ lé ẹranko kékeré olójú ńlá inú igbó wa lórí, èyí tí òyìnbó ń pè ní bush baby nítorí igbe rẹ̀ tó dà bí ẹkún ọmọ ọwọ́. Ẹ má wá tún fi lé ti Madagásíkà lórí. Erékùṣù yẹn nìkan ni ẹranko tí ẹ ń bi mí yìí ń gbé láyé, orúkọ búburú sì ti ń pa á níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará abúlé kan gbà pé bó bá na ìka sí èèyàn, ẹni náà ti kú nìyẹn. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á pa á, wọ́n á so òkú rẹ̀ rọ̀ sétí ọ̀nà kí aburú náà lè bá èrò ọ̀nà lọ. Ojú tí a fi ń wo òwìwí nílé wa ni. Ẹ fi ti igbó tí wọ́n ń gé kún un, ẹ ó rí ìdí tó fi wà lára àwọn ẹranko tó fẹ́ parun.

Ẹlẹgbẹ́ yín tó ní ọ̀kẹ́rẹ́ kò ṣàṣìṣe òun nìkan. Ní 1788, Gmelin, onímọ̀ ará Jámánì, kà á mọ́ ọ̀kẹ́rẹ́, torí eyín iwájú rẹ̀ kì í yé hù. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ìbátan ọ̀bọ àti ìnàkí ni, àti ti àwa náà. Kò ju ológbò lọ.

Ìka rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò dáadáa. Ti àárín tín-ín-rín bí ẹyọ ọwọ̀ kan. Òun ló fi ń kan igi, kó-kó-kó, tó ń tẹ́ etí ńlá rẹ̀ sí i. Níbi tó bá ti dún bí òfìfo, á fi eyín dá ihò sí i, á ki ìka náà bọ̀ ọ́, á fi wọ́ ìdin jáde. Iṣẹ́ ẹyẹ àkókó ni, kò sì sí àkókó ní Madagásíkà. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ gbé fídíò kan jáde níbi tó ti ki ìka kan náà bọ imú títí dé ìdí, tó sì lá a. Bí ààyè bá wà nínú ìwé yín, ẹ fi èyí sí i. Àwọn ọmọ ò ní gbàgbé rẹ̀ láé.

Ó wá ku orúkọ. Sonnerat, arìnrìn-àjò ará Faransé, kọ ọ́ ní 1782 pé igbe ìyanu ni: àwọn ará etíkun ìlà-oòrùn Madagásíkà tí wọ́n fi ẹranko náà hàn ló ké bẹ́ẹ̀, ni òun bá fi igbe wọn sọ ọ́. Àwọn mìíràn ní "n kò mọ̀" ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lédè Malagásì, pé ẹni tí wọ́n bi kò fẹ́ dárúkọ nǹkan burúkú ni. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti bá wí rí pé kó pe ejò ní okùn lóru, irú èyí ò ní ṣàjèjì sí i.

Nítorí náà, "áì-áì" ni kí ẹ kọ. Igbe ìyanu ni lẹ́nu tiwa náà. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: "Áì-áì, ẹranko Madagásíkà tó ń jẹ̀ lóru, tó ń kan igi wò bí ẹyẹ àkókó." Lẹ́yìn ìyẹn, áì-áì lásán ti tó. Bí ilé ìtẹ̀wé bá ní kí ẹ yọ àmì ohùn kúrò kí ojú ìwé lè mọ́, ẹ kọ̀ jálẹ̀: láìsí i, "àì" inú àìsàn ni ọmọ á kà.